Ṣé àfihàn ajá kékeré wúlò fún ajá tó fẹ́ lọ díje agílítì?

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Mo ní abo ajá ẹ̀kúkẹ́ kan, Ìjì lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Àlékùwódò, Òṣogbo, ni mo ti ń kọ́ ọ ní agílítì, eré tí ajá ti ń sáré gba orí àti abẹ́ ìdènà bí olówó rẹ̀ ṣe ń darí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ káfíńtà ló bá wa kan afárá tóóró àti pákó méjì tó forí kan ara wọn bí òrùlé. Páìpù funfun táwọn púlọ́ńbà ń lò ni mo fi ṣe igi tó ń fò, mo sì ri méjìlá mọ́lẹ̀ ní ìlà kan fún èyí tó máa ń lọ́ gba àárín wọn. Àgbá oníke tí a gé ìdí wọn, tí a so pọ̀ mọ́ra, ni tọ́nẹ́ẹ̀lì wa. Ìjì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn. Tí mo bá ti na ọwọ́ báyìí, ó ti lọ.

Àmọ́ kò ṣe é níbòmíràn rí, ojú àwa ará ilé nìkan ló sì ń ṣe é. Ẹnì kan pè mí pé àwọn kan fẹ́ ṣe ìdíje agílítì ní Èkó kí ọdún tó parí, pé kí n mú un wá. Kó tó dìgbà náà, àwọn tó ń sin ajá níbí máa ṣe àfihàn ajá kékeré kan lórí pápá ilé ẹ̀kọ́. Ti fàájì ni. Ẹ̀ka ajá tó rẹwà jù wà, ti èyí tó jókòó pẹ́ jù wà, ti èyí tó tètè jẹ́ ìpè olówó rẹ̀ jù náà wà, wọ́n tún ní àwọn máa tẹ́ ẹran sílẹ̀ kí ajá gba àárín rẹ̀ kọjá láì jẹ ẹ́. Igi fífò kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí n lọ, àbí kí n kúkú jókòó sílé kí n máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á fojú pa Ìjì rẹ́ láàárín àwọn Alsatian àti Boerboel olówó gọbọi.

Alápòó Ìkìrun Road

Ọ̀rẹ́ mi, jókòó sílé. Àwọn àfihàn tí mo ti lọ, àwọn tó ń ta ọmọ ajá ló ń ṣe é kí wọ́n lè rí oníbàárà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, DJ á gbé orin sókè, àwọn ọmọdé á máa fa ajá nírù. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ kì í sì í fẹ́ gbé ajá, wàá san owó èèyàn mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ẹ.

Kí ni Ìjì fẹ́ kọ́ níbẹ̀ tó máa jẹ́ kó mọ igi fò? Tó bá jẹ́ èrò lo fẹ́ kó mọ̀, mú un lọ sí Old Garage nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jókòó lẹ́bàá Freedom Park. Ọ̀fẹ́ ni. Ajá tó fẹ́ sáré, eré ni kó máa sá.

Ìyá Arẹwà

Ọmọ mi, mú Ìjì lọ. Ohun tí Alápòó sọ nípa oòrùn àti àwọn tó ń ta ọmọ ajá, òótọ́ ni, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ni Ìjì fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Ó pọ̀.

Igi fífò, afárá, tọ́nẹ́ẹ̀lì, gbogbo ìyẹn ti wà lẹ́yìnkùlé yín. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni èrò, ajá àjèjì, ilẹ̀ tí kò gbóòórùn rẹ̀ rí, àti ẹni tí kò mọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Iwájú èrò ni wọ́n sì ti bí eré yìí. Lọ́dún 1978, ní Crufts, àfihàn ajá ńlá àwọn òyìnbó, nínú gbọ̀ngàn Olympia ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé e jáde kí àwọn òǹwòran má bàa jókòó lásán láàárín ètò kan sí òmíràn. Fífò ẹṣin ni wọ́n wò ṣe é. Ajá tó mọ̀ ọ́n ṣe níbi tí kò ti sí òǹwòran, apá kan ló ṣì mọ̀.

Wo bí ọjọ́ ìdíje ṣe máa ń rí. Wọn kì í jẹ́ kí ajá kọ́kọ́ gun nǹkan wọn wò. Ìwọ nìkan ni wọ́n máa ní kó o wọlé, kó o fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà láti nọ́ńbà kìíní dé ìparí, kó o mọ ibi tó o ti máa yí. Ta ló di Ìjì mú ní gbogbo àkókò yẹn? Ẹlòmíràn ni, tàbí kó wà nínú kéèjì, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ bó o ṣe ń lọ. Ajá tí irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí rí á ké, á fà, á máa gbọ̀n, nígbà tó bá fi máa kàn án, agbára ti tán lára rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n á ti wọn gíga èjìká rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń mọ bí igi tirẹ̀ á ṣe ga tó. Nínú òfin FCI, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajá, ẹ̀ka mẹ́rin ló wà báyìí: ajá tí kò tó 35 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó tó 35 tí kò dé 43, èyí tó tó 43 tí kò dé 48, àti èyí tó tó 48 sókè. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n á gbé ọ̀pá lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ á sún mọ́ ojú ajá, ọ̀pọ̀ ajá ni kì í fara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó máa dé ojú ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn á kúrò, níbòmíràn ọ̀já ọrùn gan-an á kúrò. Kò ní sí ẹran lọ́wọ́ rẹ, kò ní sí bọ́ọ̀lù. Ìjì gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn igi kìíní nígbà tó o bá ń rìn lọ síwájú, kó má mira títí wàá fi pè é.

Ó dáa, mú ètò àfihàn yẹn wá ká jọ wò ó. Èyí tó jókòó pẹ́ jù, ojú ìlà nìyẹn gan-an. Ẹ̀yìnkùlé ò lè fún ẹ ní ìlà tí ajá mẹ́wàá jọ jókòó sí, tí Rottweiler wà lọ́tùn-ún, tí ajá kékeré kan ń gbó lósì. Èyí tó tètè jẹ́ ìpè jù ńkọ́? Àjèjì á di Ìjì mú, wàá rìn lọ sí òpin pápá, wàá kọ ẹ̀yìn sí i. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tó o bá ń rin ojú ọ̀nà ní Èkó nìyẹn, àfi pé ibí yìí, ayọ̀ ló máa parí sí, torí wàá pè é, á sì sáré bá ọ. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ariwo èrò ló ń di ajá agílítì létí, ibi tí èrò bá wà la sì ti lè mọ̀ bóyá ó ń gbọ́.

Ti ẹran tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ yẹn, inú mi dùn púpọ̀ pé wọ́n fi í sí i. Pápá ní Òṣogbo níbí, ẹ̀pà, puff-puff àti igi súyà ló máa ń wà nínú koríko, adájọ́ kankan ò sì ní bá ẹ ṣà á kúrò. Ajá tó bá fi imú lélẹ̀ láàárín eré ti pàdánù àkókò, ó tún lè fo igi kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi Ìjì síbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí o kò bá tíì kọ́ ọ nílé. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀ka ajá tó rẹwà jù, nítorí ọwọ́ adájọ́ nìkan ni mo fi lè ní kó o wọ̀ ọ́. Á ya ẹnu ajá wò eyín, á fi ọwọ́ tọ ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí ìrù. Ajá tó bá gba ìyẹn láìjanpata máa gba ọ̀pá ìwọ̀n. Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kó o kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Wàá rí wọn tí wọ́n ń fi ṣéènì fa ọrùn ajá sókè kó lè dúró gbọnrangandan. Má ṣe é. Ajá tó o fẹ́ kó ṣáájú rẹ sáré láìsí okùn, má jẹ́ kó mọ okùn sí ohun tó ń fún un lọ́rùn níwájú èrò. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín, tí wọ́n bá fún ẹ, gbà á. Òun kọ́ lo torí ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ka méjì ti tó. Kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ nígbà tí inú Ìjì ṣì ń dùn, bí wọn ò bá tiẹ̀ tíì pín nǹkan.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún Arẹwà. Alsatian ni, akọni ni nílé, kò sí ẹni tó lè gba ẹnu géètì wa ní Òkè-Baálẹ̀ kọjá kó má mọ̀. A dé pápá kan báyìí, ẹni tó di makirofóònù mú gbé e sún mọ́ sípíkà, ó sì han gooro. Arẹwà fi ikùn lélẹ̀. Etí lẹ̀ mọ́ orí, ìrù wọ abẹ́. Mo fún un ní ẹ̀dọ̀ màlúù tí mo bọ̀ tí mo gé wẹ́wẹ́, ohun tó fẹ́ràn jù láyé. Ó gbà á sẹ́nu, ó sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo mú un padà sẹ́yìn títí dé ìdí igi máńgòrò kan lẹ́bàá ògiri, níbi tó ti ń gbọ́ ariwo náà àmọ́ tí kò le mọ́ ọn. Níbẹ̀ ló ti jẹ ẹ̀dọ̀. Bó bá jẹ, a ó sún síwájú díẹ̀. Bó bá kọ̀, a ó padà. A ò wọ ẹ̀ka kankan. Kí wọ́n tó ṣe tán, ó ti dùbúlẹ̀ létí agbo, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sápá kan, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń lé fèrè onírọ́bà kiri. Èrè tí mo torí ẹ̀ lọ ni mo gbé bọ̀ wálé yẹn.

Nítorí náà, ẹnu ajá ni kó o máa wò, má wo ìrù. Ajá tí ẹ̀rù ń bà náà lè ju ìrù. Èyí tó bá kọ ẹ̀dọ̀ ti sọ fún ẹ pé ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun.

Alápòó, Old Garage dára, mo sì ń mú ajá lọ síbẹ̀. Ohun tí kò lè fún wa ni ajá púpọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà lójú kan, àti agbo tí wọ́n máa pe orúkọ rẹ kó o tó wọ̀ ọ́. Ọwọ́ olówó ajá alára máa ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ajá sì ń mọ̀ ọ́n lára okùn. Èyí tún wà fún ìwọ náà láti kọ́.

Dókítà Ẹranko Ògo-Olúwa

Ẹ kú àlàyé, Mà. Díẹ̀ ni tèmi.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kọ́kọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé Ìjì ò gbà á rí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ àfihàn, torí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń gbà tó oṣù kan kó tó ṣiṣẹ́ débi tá a lè gbára lé. Kó ti gba ti parvo àti distemper náà, àrùn méjì tó ń pa ajá. Kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ẹ má gbé ọmọ ajá kékeré dání lọ síbẹ̀ rárá, bó ti wù kó wuni tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò bóyá wọ́n máa wo káàdì abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní wò ó, ẹ máa lọ sílé yín. Lórí èyí, èmi àti Alápòó jọ wà níbì kan náà.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà ò lè gbà á. Bí itọ́ rẹ̀ bá ń ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wo inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fún eégbọn.

FCI kì í jẹ́ kí ajá tí kò tíì pé oṣù 18 díje. Ìjì ti kọjá ìyẹn, mo kàn sọ ọ́ nítorí àwọn tó ń ka èyí tí wọ́n ń mú ọmọ oṣù mẹ́fà fo igi gíga. Egungun rẹ̀ ò tíì gbó. Ẹ dúró.

Ọmọ Ìlú Aró

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ìyá Arẹwà, àti Dókítà. Káàdì abẹ́rẹ́ Ìjì pé, mo sì ti pe àwọn tó ń ṣètò, wọ́n ní àwọn máa wò ó lẹ́nu géètì.

Mo wọn èjìká rẹ̀ lánàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó jẹ́ 45. Igi tiwa nílé, 40 ló wà. Ṣé kí n gbé e sókè kí àfihàn tó dé? Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kúkẹ́, Mà.

Ìyá Arẹwà

Pẹ̀lú 45, ẹ̀ka kẹta ni Ìjì wà nínú òfin FCI, igi tirẹ̀ á sì wà láàárín 45 sí 50. Má gbé e sókè báyìí. Ohun tuntun kan lẹ́ẹ̀kan ni. Jẹ́ kó mọ èrò ná, kó o tó wá máa gbé igi sókè díẹ̀díẹ̀. Àwọn páìpù méjìlá yẹn ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra? 60 sẹ̀ǹtímítà ni ti ìdíje, páìpù àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní èjìká òsì ajá nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá ti èjìká ọ̀tún wọ̀ ọ́, wọ́n á kà á sí i lọ́rùn. Ibi ìsàlẹ̀ afárá náà, fi ọ̀dà mìíràn kùn ún, kí Ìjì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kóun tó bọ́ sílẹ̀. Àmì márùn-ún ni wọ́n ń yọ tó bá fò ó.

Ní ti ẹ̀kúkẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Agílítì kì í béèrè bàbá ajá. Ní Bìrìtéènì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ajá tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìran wọn ń bá àwọn oníwèé díje nínú agbo kan náà, wọ́n sì ń borí. Ìdíje àgbáyé ti FCI fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìwé ìran. Lórí pápá yìí, wọ́n lè má fi Ìjì sí ipò kankan nínú ti ẹwà, torí Alsatian àti Boerboel ni wọ́n mọ̀ ọ́n wò. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìjókòó àti ìpè, aago àti etí ajá ló ń dá a. Irun Ìjì kúrú, egungun rẹ̀ fẹ́lẹ́, oòrùn Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Ajá Caucasian onírun jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tó náwó tó ọkọ̀ á ti máa wá ibòji kiri nígbà tí Ìjì ṣì ń béèrè pé kí ló kàn. Èmi tí mo ní Alsatian nílé ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tètè lọ, kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ń wọ géètì, ká okùn rẹ̀ kúrú sọ́wọ́. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, ẹlòmíràn ti ṣe àlùwàlá, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan òun láṣọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Yà fún un kó tó di pé ó yà fún ẹ, àwọn ará àdúgbò á lè jẹ́ ká tún lo pápá yẹn nígbà mìíràn.

Ọmọ Ìlú Aró

Ó yé mi, Mà. Mo ti forúkọ Ìjì sílẹ̀ fún ìjókòó àti ìpè nìkan. Àbúrò mi ló máa bá mi dì í mú nígbà ìpè.

Ìyá Arẹwà

Rárá o. Ilé kan náà ni òun àti Ìjì jọ ń gbé. Ẹni tí Ìjì ò mọ̀ ni kó dì í mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lẹ lọ kọ́? Wá ẹnì kan tó mọ ajá, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Alápòó Ìkìrun Road

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé àwọn tó ń ta ọmọ ajá ló ń jèrè níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì tó ń di ajá mú nígbà tí olówó ẹ̀ ń rin ojú ọ̀nà, mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí, mo sì gbà á. Èmi á bá ẹ di Ìjì mú. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sin ajá ọdẹ, mi ò sì ní fún un lọ́rùn. Màá wà lẹ́nu géètì ní aago méje ààbọ̀, ẹ̀wù kàkí ni màá wọ̀. Mo ní ọkọ̀, màá gbé yín padà sí Àlékùwódò.

Ìyá Arẹwà

O ṣeun, Alápòó, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ọmọ mi, kó ẹ̀dọ̀ fún un lọ́wọ́ kó tó gba okùn, kó sì jẹ́ pé òun ló máa fún Ìjì jẹ, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó o tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, rìn lọ, má wẹ̀yìn, má sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń lọ. Bó bá ké, kí Alápòó dúró jẹ́ẹ́ títí á fi dákẹ́ kó o tó pè é. Mú omi tirẹ̀ láti ilé àti abọ́ tirẹ̀, kó má mu nínú ti ajá mìíràn.